Ìlú Prague àti Ìtàn Èdè Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ìlú tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, èdè ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò, nítorí orúkọ mẹ́ta ni ó ń jẹ́ ní ẹnu ẹni mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìlú ń pè é ní Praha, àwọn ará Jámánì ń pè é ní Prag, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé sì ń pè é ní Prague. Prague náà ni èmi yóò máa pè é, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ ní etí wa. Òun ni olú-ìlú ilẹ̀ Czech, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yúróòpù.

Mo dé ibẹ̀ ní àkókò ìsinmi kan, nígbà tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ sí ilẹ̀ Jámánì láti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni ín. Láti ìlú Dresden ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà náà ń bá odò Elbe lọ láàárín àwọn òkè, kò sì tó wákàtí mẹ́ta tí a fi dé Prague. Ọkàn mi balẹ̀ bí a ti ń lọ. Mo ti kà á nínú ìwé pé ìlú náà wà lábẹ́ àwọn ọba tí ń sọ èdè Jámánì fún nǹkan bí 400 ọdún, mo sì rò pé èdè tí mo gbọ́ yìí yóò tó mi rìn níbẹ̀. Nígbà tí mo dé etí odò, mo kí bàbá arúgbó kan, mo sì fi èdè Jámánì bi í ní ọ̀nà afárá. Bàbá náà gbọ́ mi. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gbọ́ mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n èdè tirẹ̀ ni ó fi dá mi lóhùn. Ó rọra ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé, ó sì fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún mi. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́, mo bá ọ̀nà mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní ọkàn mi. Kí ni ó lè mú kí ẹni tí ó gbọ́ èdè kan má fẹ́ sọ ọ́? Èmi kò lè sọ pé mo mọ inú bàbá yẹn, ṣùgbọ́n mo ti wá mọ ìtàn ìlú rẹ̀ díẹ̀, ìtàn náà ni mo sì kọ sílẹ̀ yìí.

Kí n tó sọ ti èdè, ó yẹ kí n sọ bí ìlú náà ti rí. Odò ńlá kan tí ń jẹ́ Vltava ni ó la ìlú náà já. Ní apá ìwọ̀-oòrùn odò náà ni òkè kan wà tí ààfin àwọn ọba àtijọ́ jókòó lé lórí. Nǹkan bí ọdún 880 ni wọ́n ti tẹ ààfin náà dó. Ọba tí ó bá jẹ a fi tirẹ̀ kún un, títí ó fi dà bí ìlú kan lọ́tọ̀, tí gígùn rẹ̀ tó 570 mítà, tí ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 130 mítà. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì Ààrẹ ilẹ̀ Czech wà títí di òní. Láàárín ààfin náà ni ilé ìjọsìn ńlá ti Vitus Mímọ́ dúró sí. Ọdún 1344 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ogun dé, iná jó, owó tán, ìlú bọ́ sí ọwọ́ ọba mìíràn, ilé náà sì dúró ní àbọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí wọ́n parí rẹ̀ kò mọ ojú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá.

Ní apá ìlà-oòrùn odò ni Ìlú Àtijọ́ wà, tí gbàgede ńlá kan wà láàárín rẹ̀. Lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú ni aago kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1410. Kì í ṣe wákàtí nìkan ni aago yìí ń sọ. Ó ń fi ibi tí oòrùn àti òṣùpá wà ní ojú ọ̀run hàn pẹ̀lú. Bí wákàtí bá pé, fèrèsé kékeré méjì a ṣí lókè rẹ̀, ère àwọn Àpọ́sítélì 12 a sì máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ère kan tí ó dúró fún Ikú ń fa agogo ní ẹ̀gbẹ́. Èrò a máa pé síbẹ̀ bí ẹni pé egúngún ń jáde.

Afárá òkúta ni ó so apá méjèèjì pọ̀. Ọdún 1357 ni ọba Karel Kẹrin, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Charles, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó 516 mítà, ère 30 ni ó sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Títí di ọdún 1841, kò sí afárá mìíràn lórí odò náà ní Prague. Àwọn ará ìlú a máa pa ìtàn kan pé ọba pàṣẹ kí gbogbo ìletò kó ẹyin adìyẹ wá láti fi po ọ̀dà tí wọn yóò fi mọ òkúta náà kí ó lè le, ṣùgbọ́n ìletò kan bẹ̀rù pé ẹyin àwọn yóò fọ́ lọ́nà, wọ́n sì sè é kí wọ́n tó kó o wá. Ìtàn lásán ni o, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Karel yìí gan-an ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fẹ́ràn. Prague ni a bí i sí ní ọdún 1316. Ìdílé ọba ilẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àjèjì ni bàbá rẹ̀, ní ààfin ọba Faransé ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1333, kò mọ èdè ìyá rẹ̀ mọ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti gbàgbé èdè Czech pátápátá, òun sì tún un kọ́ títí òun fi ń sọ ọ́ bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Èdè márùn-ún ni ó gbọ́: Czech, Faransé, Ítálì, Jámánì àti Látìnì. Ní ọdún 1355 wọ́n dé e ládé ní Róòmù, ó di ọba àwọn ọba. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ sínú òfin ńlá kan pé àwọn ọmọ àwọn ìjòyè tí ń yan ọba àwọn ọba ní láti kọ́ èdè Látìnì, èdè Ítálì àti èdè Slav, tí èdè Czech jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀, láti ọmọ ọdún méje. Ọba yìí mọ̀ pé ẹni tí yóò ṣe àkóso ènìyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Òun náà ni ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Prague ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1348, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Látìnì ni èdè ẹ̀kọ́ ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí gẹ́gẹ́ bí ìlú tí wọ́n ti wá, olúkúlùkù sì ní ìbò kan nígbà tí a bá ń dìbò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Czech jẹ́ ọ̀kan péré nínú mẹ́rin náà. Nínú ìbò yìí ni ìjà èdè ti kọ́kọ́ rú jáde.

Ní ọdún 1391, àwọn ọlọ́kàn rere kan kọ́ ilé ìwàásù kan sí Ìlú Àtijọ́, wọ́n sì pè é ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, kí a lè máa wàásù níbẹ̀ ní èdè tí ará ọjà gbọ́. Láti ọdún 1402, oníwàásù ibẹ̀ ni Jan Hus, ọmọ tálákà tí ó di olùkọ́ ní yunifásítì. Ó bá ìwà ìwọra àwọn àlùfáà wí, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Hus ṣe tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbàgbé. Lẹ́tà Látìnì kò tó láti kọ èdè Czech. Àwọn akọ̀wé a máa kó lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta jọ kí wọ́n tó lè kọ ìró kan, ohun tí ẹnì kan kọ a sì máa ṣòro fún ẹlòmíràn láti kà. Ìwé kékeré kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé Hus ni ó kọ ọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan bí ọdún 1410. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, kí a sì fi àmì kékeré lé orí lẹ́tà tí ìró rẹ̀ bá yàtọ̀. Láti inú àmì yẹn ni č, š àti ž ti jáde, tí wọ́n ń kọ títí di òní. Àwa tí a ń fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìró tí àwọn ń kọ ní š kò jìnnà sí èyí tí àwa ń kọ ní ṣ. Àwọn fi àmì sí orí, àwa fi í sí ìdí.

Ní ọdún 1409, ọba ìgbà náà pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Czech ní ìbò mẹ́ta ní yunifásítì, kí gbogbo àjèjì pa pọ̀ ní ẹyọ kan. Inú àwọn ará ilé dùn, wọ́n sì yan Hus ní olórí yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ ará Jámánì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, àwọn kan nínú wọn sì dá yunifásítì Leipzig sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Yunifásítì tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ wá di ti ilé nìkan. Mo fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí ìtàn náà yóò tún padà wá.

Àwọn olórí Ìjọ pe Hus lọ sí ìlú Konstanz láti wá jẹ́jọ́. Ọba fún un ní ìwé àṣẹ pé kí ó wá láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìwé náà kò gbà á. Wọ́n dáná sun ún ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1415. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé idà, ogun náà sì jà láti ọdún 1419 títí di ọdún 1434.

Ní ọdún 1526, adé ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ ìdílé Habsburg ti ilẹ̀ Austria, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà. Bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ti ń gbóná sí i, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1618, àwọn ìjòyè tí kì í ṣe Àgùdà wọ ààfin lọ, wọ́n gbé aṣojú ọba méjì àti akọ̀wé wọn, wọ́n sì jù wọ́n láti ojú fèrèsé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kú. Àwọn Àgùdà ní Màríà Wúńdíá ni ó fi ọwọ́ gbà wọ́n. Àwọn ọ̀tá wọn ní orí àkìtàn ni wọ́n bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí àwàdà yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ogun ọgbọ̀n ọdún tí ó ba ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1620, ní Òkè Funfun lẹ́bàá Prague, ogun ọba ṣẹ́gun àwọn ìjòyè náà láàárín nǹkan bí wákàtí méjì.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1621, wọ́n pa 27 nínú àwọn olórí wọn ní gbàgede Ìlú Àtijọ́. Àgbélébùú funfun 27 wà ní ilẹ̀ ibẹ̀ títí di òní, mo sì rí àwọn èrò tí ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa ni Jan Jessenius, oníṣègùn àti olórí yunifásítì. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó fi gbèjà àwọn ará ilé, wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ́ orí rẹ̀. Orí 12 ni wọ́n gbé kọ́ sí ilé-ìṣọ́ ẹnu afárá fún ọdún mẹ́wàá. Gbogbo ẹni tí ń re ọjà ń kọjá lábẹ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ìjòyè sá lọ tàbí kí wọ́n pàdánù ilẹ̀ wọn. Òfin tuntun ọdún 1627 sọ Ìjọ Àgùdà di ìjọ kan ṣoṣo tí òfin gbà, ó sì fi èdè Jámánì sí ipò kan náà pẹ̀lú Czech. Lára àwọn tí wọ́n lọ sí ìgbèkùn ni Jan Amos Komenský, tí ayé mọ̀ sí Comenius, ẹni tí ó kọ ìwé ìkọ́nilédè tí gbogbo Yúróòpù lò, tí ó sì tẹ ìwé alá-wòrán kan jáde fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1658. Kò padà sí ilé mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1670.

Ipò kan náà tí òfin sọ kò pẹ́ kí ó tó di ipò méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọba, èdè Jámánì ni yóò sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pe ọmọ òun ní ọmọlúàbí, èdè Jámánì ni yóò fi tọ́ ọ. Ní ọdún 1784 ni yunifásítì fi Látìnì sílẹ̀, ṣùgbọ́n Jámánì ni ó gba ipò rẹ̀. Czech wá di èdè oko, èdè ilé ìdáná, èdè ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí ẹni tí ó gé ahọ́n ẹnì kankan mọ́. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n ń pa á mọ́ sẹ́nu.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọgbọ́n ìwé yẹ èdè náà wò dáadáa ni Josef Dobrovský, tí a bí ní ọdún 1753. Ó kọ ìtàn èdè Czech àti lítíréṣọ̀ rẹ̀, ó sì kọ gírámà ńlá kan jáde ní ọdún 1809, ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni ó fi kọ méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiyè méjì bóyá èdè náà lè tún di èdè ìwé gíga. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ẹni tí ó mọ èdè náà jù lọ ni kò dá a lójú pé yóò yè.

Josef Jungmann, ẹni tí ó tẹ̀ lé e, gba ọ̀nà mìíràn. Kò dúró bi ẹnikẹ́ni bóyá èdè náà lè ṣe é. Ó gbé iṣẹ́ tí ó wúwo jù lọ fún un. Ní ọdún 1811 ó tẹ ìtumọ̀ ìwé ewì ńlá ti Milton nípa Párádísè tí ó sọnù jáde ní èdè Czech. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tó, ó wá a nínú ìwé àtijọ́, ó yá a lọ́wọ́ àwọn èdè ẹbí bí ti Poland àti Rọ́ṣíà, tàbí kí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Czech sí Jámánì, ìdìpọ̀ márùn-ún, tí ó parí ní ọdún 1839. František Palacký bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilẹ̀ náà ní èdè Jámánì ní ọdún 1836, ṣùgbọ́n láti ọdún 1848 ni ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Czech. Smetana tí ó di bàbá orin ilẹ̀ náà, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ó ti dàgbà kí ó tó jókòó kọ́ bí a ti ń kọ èdè bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn ni ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará oko, nítorí lẹ́nu àwọn tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ni èdè náà ti sá pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé nìkan kò lè gbé èdè ró. Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ ní Prague ni Ilé Eré Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní etí odò. Ní ìgbà náà, kò sí ilé eré ńlá kan tí ó jẹ́ ti èdè Czech. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dá owó. Àwọn ọlọ́lá dá sí i, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ní ọdún 1868 wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1881 wọ́n fi eré olórin Smetana kan, Libuše, ṣí i. Oṣù méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí iná sọ ní ilé náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ó sì jó òrùlé àti inú rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ 47 ni wọ́n fi dá owó tí wọn yóò fi tún un kọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1883 wọ́n tún fi eré kan náà ṣí i. Lókè pèpéle rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ní èdè Czech, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè ni ó ṣe é fún ara rẹ̀. Smetana ti di adití láti ọdún 1874. Kò gbọ́ orin ara rẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì.

Bí mo bá dá ìtàn yìí dúró síhìn-ín, yóò dùn, ṣùgbọ́n kì yóò pé. Èdè mìíràn náà ní ọmọ ní Prague. Ní ìlú yìí ni Mozart ti kọ́kọ́ ṣe eré olórin rẹ̀ Don Giovanni ní ọdún 1787, àwọn ará ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn Júù ti wà níbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Sínágọ́gù wọn kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1270 ṣì ń gba olùjọsìn. Ní itẹ́ òkú wọn àtijọ́, nǹkan bí 12,000 òkúta ni ó gbára jọ, tí ọ̀kan fi ara ti èkejì, nítorí ilẹ̀ kò tó wọn, òkú orí òkú ni wọ́n sì ń sin. Ní ọdún 1883 kan náà tí Ilé Eré tún ṣí ni a bí ọmọ Júù kan ní Ìlú Àtijọ́, Franz Kafka, tí ó gbọ́ Czech dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé Jámánì ni ó fi kọ àwọn ìwé tí ayé ń kà. Ọdún kan ṣáájú, ní 1882, wọ́n ti la yunifásítì sí méjì, ọ̀kan fún Czech, ọ̀kan fún Jámánì.

Síbẹ̀ àwọn kan rí i pé ó sàn kí a jókòó pọ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Czech àti Slovakia gba òmìnira ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1918, Vilém Mathesius, tí ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn onímọ̀ èdè jọ ní Prague ní ọdún 1926. Roman Jakobson tí ó wá láti Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wọn ni àwa ń kọ́ nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì títí di òní: pé ìró kan kò já mọ́ nǹkan ní òun nìkan, bí kò ṣe nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ìró mìíràn. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ igbá sí igba, àti ti ìgbà sí igbà, ti mọ ìdí ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1939, ogun Hitler wọ Prague. Jakobson sá lọ. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n yìnbọn lu akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Jan Opletal, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀hónú hàn. Ó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ ogun Jámánì pa àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kó àwọn tí ó lé ní 1,200 lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni, wọ́n sì ti gbogbo yunifásítì Czech pa títí ogun fi parí. Ìdí nìyí tí ọjọ́ náà fi jẹ́ Ọjọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ayé. Ní ti àwọn Júù, orúkọ nǹkan bí 78,000 ni wọ́n fi ọwọ́ kọ sára ògiri sínágọ́gù kan ní ìlú náà, ti gbogbo àwọn ará ilẹ̀ náà tí wọ́n pa. Mo ń ka orúkọ náà títí ojú fi ń ro mí, n kò tíì ka apá kan ògiri tán. Nígbà tí ogun sì parí ní ọdún 1945, wọ́n lé àwọn ará Jámánì jáde ní ilẹ̀ náà, ẹni tí ó ṣe ibi àti ẹni tí kò ṣe, wọ́n sì pa yunifásítì Jámánì rẹ́. Èdè kan wá jogún ìlú tí mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀ rí.

Àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní ọdún 1948. Nígbà tí àwọn olórí kan fẹ́ dẹ okùn náà ní ọdún 1968, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé ní òru ọjọ́ 20 mọ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Jan Palach, ọmọ 20 ọdún, dáná sun ara rẹ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà gba ìyà náà bí ohun tí ó tọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1989, tí ó pé 50 ọdún gééré tí wọ́n ti yunifásítì pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún jáde. Àwọn ọlọ́pàá lù wọ́n, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, Václav Havel, òǹkọ̀wé eré, ti di Ààrẹ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1993 ni ilẹ̀ Czech ti dá dúró lọ́tọ̀.

Mo tún kọjá lórí afárá náà ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń bọ̀. Mo ronú pé bàbá tí mo bá pàdé ti dàgbà tó láti ti gbọ́ èdè Jámánì lẹ́nu ẹni tí ó di ìbọn mú. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí àlejò gbọ́ èdè ìlú tí ó wá ni. Èyí tí ó wù kó jẹ́, mo mọ̀ pé ó ṣe mí lóore. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu onílé ibi tí a wọ̀ sí, bí a ti ń kíni, bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ àti bí a ti ń dúpẹ́. Nígbà tí mo fi èyí tí ó kẹ́yìn dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì dáhùn.

Ohun méjì ni mo mú bọ̀ láti Prague. Èkíní ni pé èdè kì í kú nítorí pé kò lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni kì í yè nítorí pé a ń yìn ín. Iṣẹ́ ńlá tí a bá gbé fún un ni í mú un yè. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá gba èdè tirẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má baà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn síta, nítorí ọdún 1409 àti 1945 kò sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ kí n tó jókòó. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí tẹlifóònù, àbúrò mi a sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. N kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Mo rò pé ó yá ni. Ní ọjọ́ tí mo dé láti Prague, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo fi gbogbo àmì sí i, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó parí rẹ̀. Ìyá mi kà á fúnra rẹ̀. Ó dá a padà fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní àmì ọ̀rọ̀ méjì kò tọ̀nà.